Àga Ẹyọ Kan Lójú Fèrèsé: Bí A Ṣe Lè Ka Fọ́tò Ilé Ìwòsàn Ọpọlọ Tó Ti Di Ahoro

Ẹ ti rí fọ́tò yẹn rí. Yàrá fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ni, ọ̀dà ara ògiri ń ṣí bí èèpo igi, ewé gbígbẹ fọ́n sílẹ̀, àga ẹyọ kan ṣoṣo sì kọjú sí fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ibí ni wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn wèrè láyé àtijọ́, pé ẹnì kan jókòó sórí àga yìí títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Ara àwọn tó bá kà á á bù máṣọ, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ràn àwọn fọ́tò wọ̀nyí gan-an, ìdí rèé tí ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ wọn fi máa ń dùn mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló gbé àga yẹn síbẹ̀. Ó bá a ní kọ̀rọ̀ yàrá mìíràn, ó wò ó pé ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dára, ó gbé e síwájú rẹ̀. Àga náà kò lè jẹ́rìí ohunkóhun. Ògiri tó yí i ká ló lè jẹ́rìí, pẹ̀lú fèrèsé yẹn àti ọ̀dà tó ń ṣí, bí a bá mọ bí a ṣe ń ka wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ohun kan palẹ̀. Gbogbo ilé ìwòsàn ńlá tó dahoro kọ́ ni ilé àwọn alárùn ọpọlọ. Beelitz-Heilstätten tó wà nítòsí Berlin, ní Jámánì, tí àwọn ayàwòrán ń rọ́ lọ, àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n tìtorí wọn kọ́ ọ lọ́dún 1898. Ó di ilé ìwòsàn ológun nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun Soviet sì lò ó lẹ́yìn náà fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Waverly Hills ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Pennhurst ní Pennsylvania, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1908 tí wọ́n sì tì lọ́dún 1987, àwọn tí làákàyè wọn kò dàgbà bó ṣe yẹ láti kékeré ni wọ́n ń kó síbẹ̀, ọ̀ràn tiwọn sì yàtọ̀ sí àrùn ọpọlọ. Bí ẹ bá rí báńkónì gbọọrọ gbọọrọ tó kọjú sí oòrùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé oníkọ́ ẹ̀gbẹ, torí pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn ni oògùn tí wọ́n ní nígbà náà. Bí fèrèsé bá pọ̀ lọ jàra ṣùgbọ́n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lè ṣí ju ìwọ̀n tí orí èèyàn kò lè gbà kọjá, ẹ fura sí ilé alárùn ọpọlọ.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìlànà rẹ̀ bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé ràgàjì tí à ń rí nínú fọ́tò ni Thomas Story Kirkbride, dókítà kan ní Philadelphia. Kí àwọn ilé yìí tó dé, inú ẹ̀wọ̀n àti ilé àwọn tálákà ni wọ́n ń ti ọ̀pọ̀ alárùn ọpọlọ mọ́, àwọn mìíràn wà lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Obìnrin kan, Dorothea Dix, ló ń ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn tó ń fi ohun tójú rẹ̀ rí han àwọn aṣòfin. Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìlànà Kirkbride kọ́ ṣí ní Trenton, ní New Jersey, lọ́dún 1848. Láti ojú òfuurufú, ó dà bí àdán tó na ìyẹ́. Ọ́fíìsì wà láàárín, àwọn ọkùnrin wà lápá kan, àwọn obìnrin wà lápá kejì. Apá kọ̀ọ̀kan fà sẹ́yìn díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìhà méjèèjì wọlé, kí oòrùn sì dé gbogbo yàrá. Ìgbàgbọ́ Kirkbride ni pé ilé tó dára, oko tó tutù àti iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ yóò wo ọpọlọ tó dàrú sàn. Ó ní kí ilé kan má gbà ju 250 èèyàn lọ.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn tí ìmọ́lẹ̀ ń ta sínú rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an ni ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ ilé náà fún. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá rí i tí ayàwòrán fi kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di òkùnkùn kí ó lè bani lẹ́rù.

Mi ò sọ pé ìyà kò jẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyà jẹ wọ́n. Ilé ìwòsàn tó wà ní Weston, ní West Virginia, gba aláìsàn àkọ́kọ́ lọ́dún 1864. Èèyàn 250 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, nǹkan bí 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Pilgrim State Hospital ní New York gba èèyàn 13,875 lọ́dún 1954, ìyẹn jẹ́ odindi ìlú. Ẹ fojú inú wo bẹ́ẹ̀dì tó fara kan bẹ́ẹ̀dì títí dé ẹnu ọ̀nà, àti nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní òru. Inú irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀ ni dókítà Walter Freeman ti gba ojú rere lọ́dún 1946, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki irin ṣóńṣó gba ihò ojú aláìsàn lọ sínú ọpọlọ rẹ̀. Lọ́dún 1949, wọ́n fún António Egas Moniz, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ yẹn, ní ẹ̀bùn Nobel. Àwọn tó ṣe é kò sá pamọ́ sínú ihò kankan. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ti ṣe é, ìwé ìròyìn sì ń yìn wọ́n. Èyí bà mí lẹ́rù ju ìtàn iwin èyíkéyìí lọ.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi pa irú ilé bẹ́ẹ̀ tì? Kò sí ìdí kan ṣoṣo. Lọ́dún 1952, ní Paris, Jean Delay àti Pierre Deniker fi oògùn kan tó ń jẹ́ chlorpromazine tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ti ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún ń farabalẹ̀. Oògùn náà dé Amẹ́ríkà lọ́dún 1954. Lọ́dún 1955, nǹkan bí 559,000 èèyàn ló wà nílé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iye náà kò sì tún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà yẹn. Ní October 31, ọdún 1963, Ààrẹ John F. Kennedy buwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n kọ́ ilé ìtọ́jú kéékèèké sí àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé kéékèèké náà ni wọn kò sì kọ́ títí dòní.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà ńbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò dá. Nígbà tí Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń sanwó ìtọ́jú àwọn tálákà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965, ìjọba àpapọ̀ kọ̀ láti sanwó ìtọ́jú àgbàlagbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 65 nílé ìwòsàn ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ó ń sanwó fún wọn níbòmíràn. Àwọn ìpínlẹ̀ ṣírò ó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn jáde. Lọ́dún 1973, kóòtù kan tún ní kí wọ́n máa sanwó fún aláìsàn tó bá ń ṣiṣẹ́. Títí di ìgbà náà, àwọn aláìsàn ló ń ro oko, tí wọ́n ń fọ aṣọ, tí wọ́n ń se oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe kásẹ̀ nílẹ̀, oko wọn di igbó.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Enoch Powell tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera ti kéde lọ́dún 1961 pé láàárín ọdún 15, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má nílò ju ìdajì àwọn bẹ́ẹ̀dì wọ̀nyẹn lọ. Ítálì lọ jìnnà jù wọ́n lọ. Òfin 180 ti May 13, ọdún 1978, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orúkọ dókítà Franco Basaglia, ní kí wọ́n máa ti àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ pa pátápátá, kí wọ́n sì má kọ́ tuntun.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, "Bí kì í bá ṣe pé nǹkan burúkú kan ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì àti bàtà sílẹ̀ sá lọ?" Wọn kò sá. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tì, fún ogún ọdún, nígbà mìíràn fún ọgbọ̀n ọdún. Bí aláìsàn bá ti dín kù, wọ́n á ti ilé kan pa, wọ́n á kó ẹrù ibẹ̀ jọ sínú ilé kejì, títí ilé tó kẹ́yìn fi di ibi ìkẹ́rùsí. Àga ogójì tí ẹ rí nínú yàrá kan kò fi hàn pé ogójì èèyàn jókòó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sì pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru, ọ̀rinrin wọ ara ògiri. Òtútù á mú kí ara ògiri sún kì, ooru á mú kó wú, ọ̀dà ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kùn lé ara wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká bí ewé tí oòrùn pa. Ó tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún péré kí yàrá tó mọ́ tónítóní tó dà bí èyí tí wọ́n pa tì láti ayébáyé.

Wíwó ilé bẹ́ẹ̀ kò sì rọrùn. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun olókùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń dènà iná àti ooru tó sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, wà lára páìpù, nínú àjà, lábẹ́ rọ́bà ilẹ̀. Òfin sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ kí wọ́n tó wó ohunkóhun. Owó ńlá nìyẹn. Ìdí rèé tí àwọn kan fi wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kí nǹkan tó yí padà. Danvers ní Massachusetts ṣí lọ́dún 1878, wọ́n tì í lọ́dún 1992, wọ́n wó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 2006 sí 2007 láti kọ́ ilé gbígbé. Ti Buffalo ní New York di hòtẹ́ẹ̀lì lọ́dún 2017. Ti Weston yẹn, ẹnì kan rà á ní gbàǹjo lọ́dún 2007 ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá fẹ́ wò ó.

Ní ti àwọn nǹkan tó ń dẹ́rù bani nínú fọ́tò, ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta. Àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ ni èkíní. Ibẹ̀ ni páìpù ooru ń gbà láti ilé ẹ̀rọ lọ sí gbogbo ilé yòókù, oúnjẹ àti aṣọ ìfọṣọ sì ń gba ibẹ̀ nígbà òjò dídì. Báàfù tó tò tẹ̀ léra wọn ni èkejì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń dá sí i, aláìsàn tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ á jókòó sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á fi aṣọ nínípọn bo báàfù náà, orí rẹ̀ nìkan ló máa yọ. Ìtọ́jú ni wọ́n pè é. Mi ò rò pé gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta ni mọ́ṣúárì. Ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń darúgbó kò lè ṣe kó má ní in. Ibi tí wọ́n sin wọ́n sí ló yẹ ká bi ara wa. Ní Milledgeville, ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 25,000 èèyàn ni wọ́n sin sí ilẹ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀. Irin kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ni wọ́n fi sàmì sí sàréè, láìsí orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n fa ọ̀pọ̀ irin náà tu kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè ráyè kọjá.

Àwọn àmì roboto funfun tó máa ń léfòó nínú fọ́tò òru ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀mí àìrí? Eruku ni. Iná kámẹ́rà wà nítòsí lẹ́ǹsì, ó bù mọ́ eruku tó ń fò níwájú lẹ́ǹsì gan-an, ibi tí kámẹ́rà kò lè rí kedere, ó sì sọ ọ́ di róbótó. Inú ilé tí àjà rẹ̀ ń jábọ́, eruku kò lè ṣàì pọ̀.

Eruku yẹn gan-an ló sì yẹ kí èèyàn bẹ̀rù. Fọ́nrán asibẹ́sítọ́ọ̀sì kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ẹni tó bá fà á símú lónìí lè má mọ nǹkan kan fún ogún ọdún sí ogójì ọdún kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Ìbòmú aṣọ kò ṣe é nǹkan kan. Àfi irú èyí tó ní àsẹ́ P100 tàbí P3, tó sì bá ojú mu dáadáa láìsí àlàfo. Ẹ má wọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ síbẹ̀ wọ yàrá tí ọmọ wà, torí òjé wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ìgbẹ́ ẹyẹlé tó ti gbẹ tún lè fi kòkòrò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ilẹ̀ onípákó tí omi ti ń ro sí fún ọdún mẹ́wàá lè dà bí odidi kó sì jẹ́ pé ó ti jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni ihò tí ẹ̀rọ agbéniròkè ń gbà sì lè ṣí sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Kí ẹnikẹ́ni má dá lọ. Kí ó sọ ibi tó ń lọ àti wákàtí tó máa dé fún ẹnì kan, torí fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀.

Ilé tó dahoro ní ẹni tó ni ín, ká má tan ara wa. Ìjọba ni, tàbí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Ní Jámánì, ẹni tó bá wọ ilé onílé láìgbàṣẹ ti ṣẹ̀ sí ẹ̀ka 123 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún kan bí onílé bá fẹjọ́ sùn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà náà, ìwà ọ̀daràn ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wíwọlé lásán jẹ́ ọ̀ràn láàárín ìwọ àti onílé, ṣùgbọ́n bí o bá já kọ́kọ́rọ́ tàbí fọ́ fèrèsé, ọ̀ràn ọlọ́pàá ti dé. Ìmọ̀ràn mi ni kí èèyàn kọ lẹ́tà béèrè. Christopher Payne, ayafọ́tò tó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ó sì lo ọdún mẹ́fà láti ya nǹkan bí àádọ́rin irú ilé yìí ní ìpínlẹ̀ ọgbọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gba àṣẹ á ní àkókò tó pọ̀, kò ní máa wẹ̀yìn, ó lè dúró títí oòrùn fi máa dé ibi tó fẹ́.

Dídúró yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ pa iná kámẹ́rà. Ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, sí 100, ẹnu lẹ́ǹsì sí f/8, kí ẹ jẹ́ kí ó ṣí ojú fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, mẹ́wàá, nígbà mìíràn ọgbọ̀n. Fèrèsé á máa mọ́lẹ̀ jù, kọ̀rọ̀ á ṣókùnkùn jù, nítorí náà ẹ ya á lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó yàtọ̀ síra, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí wọ́n bá fà á jù, ìpẹtà á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ògiri aláwọ̀ ewé tí wọ́n kùn bẹ́ẹ̀ kí ara aláìsàn lè balẹ̀ á di àwọ̀ májèlé.

Bí ẹ bá rí fáìlì aláìsàn nílẹ̀, ẹ má ya orúkọ inú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ṣì ń dáàbò bo àṣírí ìlera òkú fún 50 ọdún lẹ́yìn ikú. Ẹ pe onílé tàbí ilé àkójọ ìwé ìtàn kí wọ́n wá kó o. Nígbà tí wọ́n ń ti Willard State Hospital ní New York lọ́dún 1995, àwọn òṣìṣẹ́ rí àpótí ìrìnàjò tó lé ní 400 ní òkè àjà, èyí tí àwọn aláìsàn gbé wá lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n nù. Mùsíọ́mù ìpínlẹ̀ ló kó wọn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń wá nǹkan ìrántí ló kọ́kọ́ débẹ̀ ńkọ́?

Bí wọ́n bá ní kí n mú fọ́tò méjì tó tọ́ kí èèyàn fi kọ́ṣẹ́, èyí tí Payne yà nílé ìwòsàn Hudson River ní Poughkeepsie ni àkọ́kọ́: búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n gbé kọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, oníkálukú ní àyè tirẹ̀. Ẹ lè dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ máa ronú nípa òwúrọ̀ kan ṣoṣo nínú ilé yẹn.

Èkejì wà ní Volterra, ní Ítálì. Ọkùnrin kan, Oreste Fernando Nannetti, fi irin ìdè wésíkóòtì tí wọ́n wọ̀ fún un níbẹ̀ họ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára ògiri àgbàlá, láàárín 1959 sí 1973, ó sì gùn tó nǹkan bí mítà 180. Òjò ti ń họ ògiri náà láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti já bọ́, fọ́tò nìkan ló sì kù fún wa láti ka àwọn ibi tó ti lọ. Níbi tí bẹ́ǹṣì wà, àwọn aláìsàn kan máa ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọn kì í mira. Nannetti kò ní kí wọ́n dìde. Ó kọ̀wé yí orí wọn ká. Nínú fọ́tò, ẹ̀ẹ́ rí ibi tí ìlà rẹ̀ ti dúró, àlàfo róbótó, kí ìlà náà tó tún bẹ̀rẹ̀ lápá kejì.